Ilé ìtọ́jú ọmọ ní àdúgbò: iṣẹ́ gidi ni, ẹ má fi ṣeré

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjà wa lónìí, láti Ouando ní Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, orí ọmọ tuntun ń wọ́, àgbà sì wà níbẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin ń sùn sábẹ́ tábìlì tòmátì nínú ooru. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn onízẹ́mìjàn ń gbà sáré. Ìyá rẹ̀ ń wọn gàrí fún oníbàárà. Ojú rẹ̀ kan wà lára òṣùwọ̀n, ojú kejì ń wá ọmọ. Kì í ṣe pé ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá tà lónìí, kò ní sí oúnjẹ lálẹ́.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tí ó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 nítorí ìbímọ: ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin náà fún un ní àyè wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún aláta, aránṣọ àti alágbàfọ̀ ní ìsinmi? Àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń padà sí ọjà kí ọmọ tó pé ogójì ọjọ́.

Àwọn mìíràn rò pé àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n lọ mú ọmọbìnrin kékeré kan wá láti abúlé, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wá ń pọn ọmọ ọdún kan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1990, sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2006 sì ni ìjọba ti fagi lé owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àyè wà fún ọmọbìnrin yìí nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ìtọ́jú ọmọ, ọ̀rọ̀ ọmọ méjì ni a ń sọ: ọ̀rọ̀ ẹni tí a pọ̀n, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.

Èrò wa nìyí. Obìnrin tí ó ní yàrá kan tí ó mọ́, àgbàlá tí ó ní ọgbà, sùúrù, àti ìwé kíkọ díẹ̀, lè gba ọmọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tọ́jú nínú ilé ara rẹ̀, kí ó sì máa gba owó lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ aránṣọ ṣe jẹ́ iṣẹ́. Ó lè mú ìyá lọ sọ́jà pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, ó sì lè dá ọmọbìnrin kékeré padà sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣeré, ó lè gba ẹ̀mí.

Àwọn kan yóò sọ pé: «Láyé àwọn bàbá wa, ta ni ó ń sanwó kí wọ́n tó bá a mú ọmọ?» Òótọ́ ni. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí igba ojú náà wà lónìí. Ìyá àgbà wà ní abúlé, tàbí kí òun náà máa tajà. Ìyàwó àbúrò ọkọ ti bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu. Aládùúgbò ń wá oúnjẹ tirẹ̀. Nígbà tí igba ojú ti fọ́nká, ó yẹ kí a wá ojú méjì tí a lè fọkàn tán, kí a sì sanwó fún ẹni tí ó ni ín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni iye ọmọ tí yóò gbà. Ẹ má ṣe bi àpò yín, apá yín ni kí ẹ bi. Bí iná bá ṣẹ́ lójijì nílé ìdáná, ọmọ mélòó tí kò tíì lè rìn ni ẹnì kan lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ọ̀kan ní àyà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí obìnrin tí ó dá ṣiṣẹ́ má ṣe gba ju ọmọ márùn-ún lọ, kí àwọn tí kò tíì lè rìn nínú wọn má sì ju méjì lọ. Ọmọ tirẹ̀ wà nínú òǹkà yìí. Bí ó bá fẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá àgbàlagbà kejì. Kí ó má ṣe lọ mú ọmọdébìnrin wá láti abúlé, nítorí ìyẹn gan-an ni a fẹ́ kí ó dópin.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ilé náà. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì fi orúnkún rìn yí inú ilé àti àgbàlá ká. Ohunkóhun tí ọwọ́ yín bá tó lórí ìkúnlẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ yóò tó. Kí kànga ní ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí. Kí korobá omi má ṣe wà ní gbangba, nítorí omi díẹ̀ nínú korobá tó láti pa ọmọ tí ó bá forí sọ ọ́. Kí àdògán àti ìkòkò gbígbóná wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ̀sáǹsì kpayo tí a ń rọ sínú ìgò kò gbọdọ̀ sí nínú ilé bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgò omi àti ìgò ẹ̀sáǹsì. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí ohunkóhun mìíràn kí ó lè bì. Bíbì lè gbé ẹ̀sáǹsì náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣọ́ àwọn ènìyàn bí ẹ ti ń ṣọ́ nǹkan. Kí àlejò, ọ̀dọ́kùnrin ilé tàbí ayálégbé kankan má ṣe mú ọmọ wọ yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí òfin yìí yọ sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹbí tàbí ará.

Ní ti oúnjẹ àti ìlera, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Kò nílò omi. Ìdí nìyí tí ilé ìtọ́jú tí ó wà nítòsí ọjà fi dára: ìyá lè sáré wá fún ọmọ lọ́mú, kí ó sì padà. Ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ẹ tó gba ọmọ. Kí ọṣẹ àti omi wà lẹ́nu ọ̀nà, kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó bọ́ ọmọ àti lẹ́yìn tí a bá nù ún nídìí. Bí ọmọ tí ó ti ń jẹun bá ń ṣu omi, ẹ pò lítà omi mímọ́ 1 pọ̀ mọ́ ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kí ó má ga bí òkìtì. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà kì í dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì ń fún ọmọ ní oògùn oorun kí ilé lè dákẹ́, onítọ̀hún kò yẹ ní iṣẹ́ yìí.

Ibi yìí ni ẹ̀kọ́ tí ẹ gbà ní kíláàsì àgbà ti wúlò. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ sì fa ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá àti bàbá, nọ́ńbà tẹlifóònù wọn, àti orúkọ ẹni méjì péré tí ó lè wá mú ọmọ lọ. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, báyìí: «Ọjọ́ Ajé. Aago 7, Ìyá Àbíkẹ́ mú un wá. Ara rẹ̀ dá. Ó mu ẹ̀kọ. Ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó díẹ̀. Aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ mú un lọ. Ó san 300 fràǹkì.» Kí ìyá fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Bí onízẹ́mìjàn bá dé tí ó ní wọ́n rán òun wá mú ọmọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ọmọ kò ní bá a lọ. Ìwé yìí ni yóò gba ìyá lọ́wọ́ àníyàn, òun náà ni yóò gba olùtọ́jú lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò owó náà, ní àpẹẹrẹ. Ọmọ 5, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 300 fràǹkì lójúmọ́, jẹ́ 1.500 fràǹkì. Ní ọjọ́ 24 nínú oṣù, ó di 36.000. Bí oúnjẹ ọmọ kan bá jẹ́ 100 fràǹkì lójúmọ́, 12.000 ni fún gbogbo wọn. Ọṣẹ àti omi, 4.000. Èédú, 3.000. Ẹ fi 3.000 pamọ́ fún àtúnṣe ẹní, ìlẹ̀kùn àti àpò-ẹ̀fọn. Gbogbo ìnáwó jẹ́ 22.000. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni 14.000 fràǹkì.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ wa jẹ́ 52.000 fràǹkì láti ọdún 2023, 14.000 kò sì dé ibẹ̀. Ìhín ni ìdánwò wà. Olùtọ́jú yóò rò pé bí òun bá gba ọmọ 15, owó yóò pọ̀. Owó yóò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ní ju méjì lọ. Ohun tí ó dára jù ni kí obìnrin méjì da ilé kan pọ̀, kí wọ́n jọ pín èédú àti àgbàlá, tàbí kí a sọ iye owó tí ó tó iṣẹ́ náà fún àwọn ìyá láìtijú. Ẹni tí ó lè san owó zẹ́mìjàn lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ máa ná ẹni tí ó di ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ mú bí ẹni ń ná ata.

Kí ẹ tó gba ọmọ àkọ́kọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹ lọ sí mẹ́rì, ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọmọdé ní ìlú yín. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ilé náà ní, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ wọn. Ní ti ìṣòwò, òfin OHADA ti ọdún 2010 dá ipò kan sílẹ̀ fún oníṣẹ́ kékeré, tí a ń pè ní «entreprenant» lédè Faransé. Òfin náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe sá fún ìwé. Iṣẹ́ tí a ṣe ní kọ̀rọ̀ kò ní olùgbèjà.

Ọ̀rọ̀ wa kù sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Àwọn obìnrin ọjà ń san owó pátákó lójoojúmọ́. Kí ni ọmọ wọn rí gbà nínú owó náà? Yàrá kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, tí ó ní omi, òrùlé àti ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé tì, kò ju agbára ìlú kankan lọ. Kí mẹ́rì pèsè ilé, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà yan àwọn olùtọ́jú, kí àwọn nọ́ọ̀sì máa yà wò wọ́n. Bí ìnáwó bá fúyẹ́ báyìí, olùtọ́jú yóò rí owó jẹ láìkó ọmọ jọ bí ẹni kó iṣu.

Àwọn ará Èkó, ní ìkọjá ẹnubodè, a máa pe ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé wa náà yẹ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìyá kò gbọdọ̀ di ẹrù ọmọdébìnrin mìíràn. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí olúkúlùkù wa wo àgbàlá rẹ̀ àti àgbàlá aládùúgbò rẹ̀. Bí a bá rí ọmọdébìnrin tí ó pọn ọmọ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ rẹ̀, kí a sì béèrè kíláàsì tí ó yẹ kí ó wà.