Bọ́ọ̀dù Dọ́là Márùn-ún àti Ariwo Tó Bá a Wọlé

Ìbéèrè kan ni àwọn òbí ń gbé wá bá mi ní Owódé níhìn-ín láti ìgbà díẹ̀. Ìyá kan tí ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ó bi í lọ́nà tí ó yé mi jù lọ. Ó ní: "Tíṣà, kí ni ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tí ọmọ mi fi owó rẹ̀ rà láti Èkó yìí? Kò ní ojú tí a fi ń wo àwòrán, kò ní ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ní ẹsẹ̀ ogójì bí ọ̀kùn!"

Ìyá náà kà á dáadáa, nítorí pé ogójì gééré ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀dù máíkírókọ̀ntírólà ni à ń pe ohun náà, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Kọ̀ǹpútà ni, kò sì gùn ju ìka àárín lọ. Ẹni tí ó ni ín yóò kọ àṣẹ sínú rẹ̀, yóò so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà yóò sì máa ṣọ́ ohun tí a ní kí ó ṣọ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun ni ó sì wà nínú mítà iná tí à ń tẹ nọ́ńbà sí nínú ilé. Ọmọ tí ó bá gbọ́n lè fi ṣọ́ ooru inú àpótí tí a fi ń pa ẹyin adìyẹ, kí ó má baà kúrò ní nǹkan bíi 37.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì títí ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò fi pé. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ilé-iṣẹ́ Raspberry Pi, ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe èyí tí ọmọ náà rà. Ní oṣù Jánúárì 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Pico jáde ní dọ́là 4. Ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2024 ni wọ́n gbé àbúrò rẹ̀, Pico 2, jáde ní dọ́là 5. Bí wọ́n ti kéde rẹ̀ báyìí ni ariwo ta kárí ayé láàrin àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí, èyíinì ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jókòó tì í lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, bí ẹlòmíràn ti ń jókòó ti ayò. Ariwo náà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ó kan owó tí ẹ ó fi ra ohun náà fún ọmọ yín.

Àwọn kan yọ̀. Wọ́n ní ìbú àti òró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti kan àpótí fún ti àkọ́kọ́ kò ní í kan òmíràn. Àyè ìrántí inú rẹ̀ kúrò ní 264, ó di 520 kílóbáìtì. Ohun tí ó sì dùn mọ́ wọn jù ni pé oríṣi ọpọlọ méjì ni wọ́n kó sínú ẹyọ kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Arm, tí a gbọ́dọ̀ sanwó fún kí a tó lè lo àpẹẹrẹ rẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ìlànà RISC-V, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 2010, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò tètè lóye èyí: àwọn àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo aláró ń yà sára aṣọ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí aṣọ oníkálukú sì ń tà. Luke Wren, tí í ṣe òṣìṣẹ́ Raspberry Pi, ni ó ya ọpọlọ RISC-V yìí, tí ó pè ní Hazard3, ní àkókò ìsinmi ara rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé orí ibùsùn ni ó ṣe é, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀.

Àwọn mìíràn kùn. Wọ́n ní ẹnu tí a ń ti okùn bọ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, irú ti fóònù ọjọ́sí, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti lọ sí ẹnu tuntun tí kò ní òkè tí kò ní ìsàlẹ̀. Ní tèmi o, ìkùnsínú àwọn ará òkè òkun ni ìyẹn. Ilé wo ni a ó wọ̀ ní Owódé tí a kò ní rí okùn ṣájà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan? Kìkì ohun tí ẹ ó ṣọ́ ni pé púpọ̀ nínú okùn olówó pọ́ọ́kú kàn ń gbé iná lásán ni, kò lè gbé ọ̀rọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà wá sínú bọ́ọ̀dù. Ọmọ yóò máa rò pé bọ́ọ̀dù òun ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó sọkún. Wọ́n tún kùn pé kò lè bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, nígbà tí ESP32 ti ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ìkùnsínú yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2024 ni Pico 2 W dé, ní dọ́là 7, láti dí àlàfo náà.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kẹta ni mo tìtorí wọn mú gègé. Àwọn wọ̀nyí kò yọ̀, wọn kò sì kùn, wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ra ìrẹsì mọ obìnrin tí mo ń wí: kí wọ́n tó da ìrẹsì sí kóńgò, yóò kọ́kọ́ yí ìdí kóńgò náà sókè, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Ian Lesnet ti Dangerous Prototypes nínú ọ̀ràn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ó ń fi ọpọlọ tuntun náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RP2350, ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Bus Pirate, ni ó bá rí i pé àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣe bí ìwé ti wí.

Ẹ jẹ́ kí n fi tánkì omi là á yé yín. Ká ní ẹ fi bọ́ọ̀dù ṣọ́ tánkì orí ilé yín. Bí omi bá kún, ohun tí ń léfòó nínú tánkì yóò gbé iná kékeré, fólìtì 3.3, wọ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù yóò mọ̀ pé omi ti kún, yóò sì pa pọ́ǹpù. Bí omi bá fà, iná ibẹ̀ yóò já. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ náà wálẹ̀ sí òdo nígbà náà, nítorí pé ohun kan wà nínú ọpọlọ tí ń fà á wálẹ̀. Nínú RP2350 àkọ́kọ́, iná kan ń jò sí ẹsẹ̀ náà, agbára ohun tí ń fà á wálẹ̀ kò sì ká a. Kàkà kí ó dé òdo, ó dúró sí nǹkan bíi fólìtì 2. Bọ́ọ̀dù yóò wá máa wí pé omi kún, omi kún, nígbà tí tánkì ti gbẹ, tí ìyàwó ilé sì ti gbé garawa lọ sí ilé aládùúgbò.

Ilé-iṣẹ́ náà kò sé e mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àléébù ọjà wọn, wọ́n sì pè é ní E9. Àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ kò dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n gbé mítà sí i níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, wọ́n ní àléébù náà gbòòrò ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ, àwọn tí ó ṣe é sì tún àkọsílẹ̀ náà kọ. Awuyewuye pọ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní àwọn kò ní í fọwọ́ kan ọjà náà mọ́, àwọn kan ní ariwo náà ti pọ̀ jù nítorí ohun tí kò ní í kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi rí i pé òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àtúnṣe kan wà tí kò le: kí a so rẹsítọ̀ kan, tí kò ju kílóóòmù 8.2 lọ, láti ẹsẹ̀ náà sí ilẹ̀ iná. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, owó pọ́ọ́kú sì ni. Tàbí kí a yí ètò wáyà padà, kó jẹ́ pé fífà sókè ni a lò dípò fífà wálẹ̀, nítorí pé àléébù náà kò kan fífà sókè rárá.

Ní òpin oṣù Júláì 2025, wọ́n gbé ọpọlọ tí wọ́n ti tún ṣe jáde. A4 ni ẹ̀yà rẹ̀ ń jẹ́, A2 sì ni ti àkọ́kọ́ tí ó ní àléébù. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún kan láti ìgbà tí ọjà ti dé títí di ìgbà tí wọ́n tún un ṣe. Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn ni wọ́n pe ayé pé kí wọ́n wá fọ́ àpótí àṣírí inú ọpọlọ náà. Wọ́n kéde dọ́là 10,000 fún ẹni tí ó bá lè ṣe é, ní ìpàdé DEF CON ní Amẹ́ríkà ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2024. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i ṣe, wọ́n sọ ọ́ di 20,000. Ní oṣù Jánúárì 2025 wọ́n kéde pé mẹ́rin ti ṣe é, wọ́n sì san 20,000 pérépéré fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi àléébù ọjà han ẹlòmíràn ní ọjà tiwa, ẹ mọ ohun tí yóò wí fún yín: "Ẹ máa lọ jàre, ẹ̀yin kò wá rà á ni!"

Wàyí o, owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, bí a bá fi iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là ṣe ìṣirò, dọ́là 4 kò kọjá nǹkan bíi ₦1,600. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦30,000, èyí tí ó lè ra Pico méjìdínlógún. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Júùnù 2023, dọ́là 5 ti di nǹkan bíi ₦8,000 nígbà tí Pico 2 fi máa dé ní 2024. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti di ₦70,000 nígbà náà, bọ́ọ̀dù tuntun mẹ́jọ péré ni ó sì lè rà. Bí a tilẹ̀ padà sí Pico àtijọ́ tí kò kúrò ní dọ́là 4, mẹ́wàá ni. N kò tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi, n kò tíì ka èrè ẹni tí ń tà á ní Èkó. Àwọn ará òkè òkun ń wí pé bọ́ọ̀dù yìí kò ju owó ife kọfí kan lọ, pé bí ó bá bàjẹ́ kí a jù ú nù. Kò sí olùkọ́ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí yóò ju bọ́ọ̀dù kan nù. Nítorí náà ni ariwo àwọn tí ń wọ̀n ọ́n fi ṣe pàtàkì fún wa ju fún àwọn tí ń pa á lọ.

Àwọn olùkọ́ kan yóò wí pé àwọn mọ Arduino ju èyí lọ. Òótọ́ ni, òun ni àgbà. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ọkitóbà 2025, ilé-iṣẹ́ Qualcomm ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ra Arduino. Ọjọ́ kan náà ni bọ́ọ̀dù tuntun wọn, UNO Q, jáde ní dọ́là 44, èyí tí ó lé ní ₦60,000 lówó tiwa nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ pé ọjà tí a dá sílẹ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè di ọjà àwọn ọlọ́lá. Ọjọ́ ni yóò sọ. Ní tèmi, bọ́ọ̀dù ₦60,000 kì í ṣe ohun tí a ń gbé fún ọmọ tí ń kọ́ bí a ti í tan iná pupa kí ó sì pa á.

Fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, Pico àtijọ́ tó, RP2040 inú rẹ̀ kò sì ní E9. Bí ó bá jẹ́ Pico 2 ni ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ya fọ́tò ọpọlọ náà ní ìtòsí, kí ẹ lè ka ìkọ̀wé wíńníwínní orí rẹ̀ bóyá A2 ni tàbí A4. Bí ó bá jẹ́ A2, ẹ yọ owó díẹ̀ nínú iye rẹ̀, kí ẹ sì ra rẹsítọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná ìjọba dá yín dúró: ohunkóhun láti fólìtì 1.8 títí dé 5.5 ni ó lè jẹ, bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí a tò tẹ̀lé ara wọn sì ń fún un ní 4.5.