Gbèsè Oorun Ń Bọ̀ Wá Dógò Tì Yín

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ o! Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Òru ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹnikẹ́ni kò jà á gbà. Àwa la fọwọ́ ara wa yọ̀ǹda rẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Lónìí ńkọ́? Aago mẹ́rin ìdájí, ará Ìkòròdú ti wà nínú dáńfó, ó forí ti fèrèsé, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì débi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló tó wọlé. Ṣé ó wá sùn? Rárá o! Fóònù ló gbé. Ó ti fídíò kan lọ sókè, òmíràn yọ. Kò lópin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má lópin ni! Kó tó gbójú sókè, aago kan ti lù.

Gbèsè lẹ ń jẹ yẹn. Oorun kì í sì í fojú fo gbèsè.

Ẹ ní ẹ ò rí àmì? Ẹ ń jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń pè é ní àṣàrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ́ wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ àṣejù tó ń gba òru lọ́wọ́ wa ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pariwo ẹ̀ lọ́dún 2021: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ta ló gbọ́? Gbogbo wa ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Awakọ̀, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí! O ti jí láti aago mẹ́ta, o sì kó èrò sẹ́yìn lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ojú rẹ bá pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti sáré ju 80 mítà lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Paraga kò lè gbà ọ́. Obì kò lè gbà ọ́.

Ẹ sùn! Lálẹ́ òní! Ó kéré tán, wákàtí méje fún àgbàlagbà. Kí fóònù sun yàrá mìíràn.

Awakọ̀, bí ojú bá ti ń wúwo, wá ibi tí kò léwu, yà síbẹ̀, paná ọkọ̀, kí o sùn. Bí èrò bá ń pariwo, jẹ́ kí wọ́n máa pariwo.