Ìparadà VPN níwájú ìdínà orí ayélujára

VPN jẹ́ ètò tí ó ń so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ sáfà tí ó wà níbòmíràn, tí ó sì ń sọ gbogbo ohun tí ó ń kọjá láàárín wọn di àdììtú. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà kò ní mọ ìkànnì tí oníbàárà rẹ̀ ń bẹ̀ wò. Sáfà náà nìkan ni yóò rí. Ṣùgbọ́n fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ yàtọ̀ sí fífi VPN fúnra rẹ̀ pamọ́.

Irú ìdínà méjì

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ìfòfindè Twitter. Ó dópin ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 2022. VPN lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọlé ní àkókò náà, nítorí pé ìkànnì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ dí, wọn kò dí VPN.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà àti Rọ́síà. Níbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń yẹ ìrísí dátà tí ó ń kọjá wò. Wọn kò lè ka àdììtú náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè mọ irú ètò tí ó dì í. Bí àpẹẹrẹ, ìsọfúnni àkọ́kọ́ tí WireGuard ń fi ránṣẹ́ sí sáfà jẹ́ báìtì 148, kì í lé, kì í dín. Irú àmì bẹ́ẹ̀ tó láti fi dá VPN mọ̀, kí wọ́n sì dí i.

Ọ̀nà ìparadà

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti pa gbogbo àmì rẹ́. Shadowsocks, tí ó jáde ní ọdún 2012, àti obfs4 tí àwọn aṣàmúlò Tor ń lò, ń mú kí dátà dà bí nọ́ńbà tí a kàn dà jọ láìlétò. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí irú dátà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ẹ̀rọ ìdínà náà máa ń jẹ́ kí ohun tí ó bá jọ ìbẹ̀wò ìkànnì tàbí ọ̀rọ̀ kíkà kọjá; èyí tí kò jọ nǹkan kan ni ó ń fura sí. Ẹni tí ó bo ojú wọ ọjà ni gbogbo ọjà yóò máa wò.

Nítorí náà ni ọ̀nà kejì fi gbilẹ̀: kí VPN wọ aṣọ tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Trojan àti REALITY ń mú kí dátà jọ HTTPS, èyí tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ àti àwọn ọlọ́jà orí ayélujára ń lò. Bí ẹ̀rọ ìjọba bá kàn sí sáfà náà láti dán an wò, ojú-ìwé ìkànnì gidi ni yóò rí.

Ibi tí agbára ìparadà mọ

Ohun tí ó fún ọ̀nà kejì yìí lágbára ni pé dídí i yóò pa àwọn mìíràn lára. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, nígbà tí Rọ́síà fẹ́ dí Telegram, ó dí àdírẹ́sì Amazon àti Google tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn dá dúró, Telegram sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n gbé ìfòfindè náà kúrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2020.

Àmọ́ ìjọba ní ọ̀nà mìíràn tí ìparadà kò lè dènà. Apple yọ ọ̀pọ̀ áàpù VPN kúrò nínú ilé-ìtajà áàpù rẹ̀ ní Ṣáínà ní ọdún 2017, àti ní Rọ́síà ní ọdún 2024, nítorí òfin àwọn orílẹ̀-èdè náà. Bákan náà, ohun tí ó pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà kò pamọ́ fún ẹni tí ó ni sáfà VPN. Òun lè mọ gbogbo ìkànnì tí aṣàmúlò ń lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí aṣàmúlò mọ ẹni tí ó ni VPN tí òun gbé ara lé.