Ọ̀rá Nìkan Kò Lè Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe agbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba, ojú la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ọmọ á wáyé, ibi á jáde, a ó wo aṣọ tó rin gbingbin, a ó sì kọ iye tó bá wá sí wa lọ́kàn sínú ìwé. Kò sí agbẹ̀bí tí kò mọ̀ pé ohun tí à ń kọ sábà máa ń kéré sí ohun tó dà. Ìgbà tí òòyì bá kọ́ abiyamọ, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, la tó máa ń sáré wá dírípù.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rá kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú àpò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilà ara àpò náà á sì fi hàn bóyá ó ti tó 300 mílílítà tàbí 500. Kò lo iná, kò lo jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ dáadáa o. Wọ́n ti dán irú àpò bẹ́ẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù. Èsì jáde lọ́dún 2010: ẹ̀jẹ̀ dídà tó le kò dín kù. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rá kò ní oògùn nínú. Ó kàn ń sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà ni. Bí o bá gbọ́ tí o kò dìde ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Birmingham àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìdánwò E-MOTIVE dìde ní ọsibítù 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà. Àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ lé ní 200,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kano wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà nílé wa níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n so ọ̀rá mọ́ iṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ilà, wọn á ra ikùn abiyamọ náà kí ilé ọmọ lè le, wọn á gún un lábẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀, wọn á fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọn á fa omi sí i lára, wọn á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró wo bóyá ti àkọ́kọ́ á ràn án.

Èsì jáde ní 2023. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn jù ni wọ́n tètè mọ̀. Níbi tí ọ̀rá alámì wà, 93 nínú 100. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà lọ́nà tó le gan-an, tàbí tó sọ wọ́n di ẹni iṣẹ́ abẹ tàbí òkú, jẹ́ 4.3 nínú 100 lápá ti tẹ́lẹ̀, 1.6 péré lápá tó ní ọ̀rá. Kí ọdún yẹn tó parí, WHO ti fi ọ̀rá àti iṣẹ́ tó so mọ́ ọn sínú ìlànà rẹ̀.

Ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ìlera, ibi tí mò ń lọ nìyí. Ìjọba tó bá kàn ra ọ̀rá, tó pín in, tó ya fọ́tò, ti Yúróòpù ọjọ́sí ló ń tún ṣe. Owó abẹ́rẹ́, fíríìjì tí oxytocin ń gbé, ẹ̀kọ́ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru: inú bọ́jẹ́ẹ̀tì kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ńlá ló dùn ún fi ìlù ṣí. Ta ló fẹ́ gé rìbọ́ọ̀nù fún ọ̀rá?

Ẹ̀yin aláboyún àti ọkọ yín, bí ẹ bá dé kílíníìkì, ẹ bi àwọn agbẹ̀bí léèrè ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, àti oògùn tó wà nílẹ̀ bó bá dà jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ ń yájú.