Kì í ṣe gáàsì ní gbogbo ìgbà o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi gáàsì sí AC ọkọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó. Tí mo bá ń sáré, á tutù nini. Tí mo bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, ooru!

Ẹ gbọ́: gáàsì AC kì í jó tán bí epo. Tó bá dín, ó ń jò ni. Tèmi ò tiẹ̀ jò. Fáànù iwájú ni ò yí, rílè ẹ̀ ti bàjẹ́. Lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti yẹ fáànù wò?" Pé a jẹ́ obìnrin ò ní ká má béèrè. Owó wa ni!