Ìwé Òwò Tí Kò Sọ Ti Àdánù

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, oníṣòwò kan tó ń ta irin ìkọ́lé bẹ̀ mí níṣẹ́ pé kí n bá òun kọ ìwé nípa bí òun ṣe dólówó. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Yorùbá ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí n fi kọ ọ́. Ìtàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọdún tó kó ọjà àwìn fún agbaṣẹ́ṣe kan, tí onítọ̀hún sá lọ, tí òun náà wá ń sá fún àwọn tó jẹ lówó. Ó ṣàlàyé bó ṣe jáde nínú gbèsè náà: ẹni tó kọ́kọ́ san tirẹ̀, ẹni tó lọ bẹ̀, ohun tó tà. Nígbà tó ka orí yẹn tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, yọ ìyẹn kúrò. Ṣé o fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi máa fojú onígbèsè wò mí ni?"

Mo yọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àdúrà, ọ̀rọ̀ ìforítì àti fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọba. Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé náà, àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn náwó. Ìyá rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ ní ọjà títà, jókòó níwájú, ó gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀, kò sì lè kà á.

Èrò tèmi ni pé ìwé òwò tí kò sọ ti àdánù kò yàtọ̀ sí oríkì. Oríkì a máa mú orí ẹni wú, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ òwò ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí owó bá há sọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ wo àwọn ìwé òwò tí wọ́n ń tò sẹ́bàá títì ní Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ óò rí Think and Grow Rich tó jáde ní 1937. Ẹ óò rí Rich Dad Poor Dad tí Robert Kiyosaki kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ní 1997. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ilé, owó orí àti ìpín ìdókòwò tí ìwé ti Kiyosaki ń sọ, ti Amẹ́ríkà ni. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ní ìṣòro tirẹ̀: àwìn, àjọ tí alájọ gbé sá lọ, ọkọ̀ tó bà jẹ́ lójú ọ̀nà nígbà òjò. Ta ló ń kọ ìwé fún un?

Ìmọ̀ yìí kò ṣàì sí láàrin wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú ni a mọ̀ sí Òṣómàáló. Ìlérí tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ló di orúkọ wọn: àwọn yóò lóṣòó síbẹ̀ títí owó àwọn yóò fi pé. Ẹ̀kọ́ nípa àwìn àti bí a ṣe ń gbà á padà wà nínú orúkọ kan ṣoṣo. Ìwé tí Ọládípọ̀ Yémitàn kọ nípa Ẹfúnróyè Tinúbú, tó jáde ní 1987, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Yorùbá kọ ti ìyá náà kò gbọdọ̀ fo ti ẹrú tó tà, nítorí ó wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Àwọn kan á ní ọlọ́jà kò ráyè kàwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ rédíò, ó sì ń gbọ́ ohùn lórí WhatsApp. Ìwé tí a fi Yorùbá kọ ṣeé kà fún un láìsí ògbufọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé títẹ̀ fúnra rẹ̀ òwò ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní a tẹ ẹ̀dà 500, tí a ná ₦600,000. Ẹ̀dà kan ti jẹ ₦1,200. Bí a bá ń tà á ní ₦2,000, tí ilé ìtàwé yọ ₦600 tirẹ̀, ₦1,400 ló dé ọwọ́ wa. A gbọ́dọ̀ ta ẹ̀dà 429 kí owó ìtẹ̀wé nìkan tó padà, a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀dà tí ọ̀rẹ́ yóò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi gbára lé ọjọ́ ìkójáde: àwọn olówó san owó ńlá, ìyókù ìwé sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sàn kí a tẹ 100, kí a gbé e lọ sí ọjà tí a ti kọ ọ́, kí a wo bí yóò ṣe rìn.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó lọ bá oníṣòwò kan ṣoṣo. Kó bi í ní ọdún tó pàdánù, iye tó pàdánù, àti ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì. Bí ojú bá ń tì í, kí a fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìṣirò pa mọ́. Ká kà á padà sí i létí ní Yorùbá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ọ̀gá onírin mi mọ̀ pé mo ń kọ èyí. Ó ní kò burú, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Mo ṣì ní ohùn rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún orí tí a yọ kúrò yẹn kọ, ní Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà á fún.