Jẹnẹrétọ̀ Àlòkù: Ẹ Tún Un Ṣe, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Gbé E Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí iná ìjọba kì í ti í dúró. Ó kan àpò, ó sì kan ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré àlòkù ni, èyí tí à ń rà, tí à ń tún ṣe, tí a fi ń tan gílóòbù méjì mẹ́ta, tí a fi ń yí fáànù, tí a sì fi ń gba iná sí fóònù.

Àwa tí a wà létí ibodè kò ṣàjèjì sí ọjà àlòkù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹrù òkèèrè ti ń gba Kútọnu wá sí Ìdí-Ìrókò, tó ń dé Ọ̀wọdé, Ìlaròó àti Ayétòrò. Orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi náà la sọ ọjà ọ̀hún: tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú pé kéèyàn ra àlòkù. Ohun tó burú ni kéèyàn ra ohun tí kò yẹ̀ wò, tàbí kó rò pé bí mẹkáníìkì bá ti tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo ewu rẹ̀ ti lọ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Yamaha ti ilẹ̀ Japan ní irú rẹ̀ tó ń jẹ́ ET950, àwọn ará Ṣáínà náà sì ń ṣe tiwọn, bíi Tiger TG950. Àwọn ará ìlú ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ ní I better pass my neighbour, torí pé ẹni tó ní in rò pé òun sàn ju aládùúgbò òun tó wà lókùnkùn lọ.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ má ra jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́, ẹ má sì dá nìkan lọ bí ojú yín kò bá fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ mú ọmọ tàbí mẹkáníìkì tí ẹ mọ̀ dání. Àwọn ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò nìyí:

Àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì náà kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, a jẹ́ pé wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá ná. Ẹ̀rọ tó ti gbó máa ń rọrùn láti tan nígbà tó bá gbóná, àárọ̀ kùtù ló máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn.

Ìkejì, ẹ pa ìtanná rẹ̀, kí ẹ rọra fa okùn rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí i pé nǹkan ń fa okùn náà padà lọ́wọ́ yín. Bí okùn bá kàn ń wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí písítìnì tàbí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, owó àtúnṣe ìyẹn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òmíràn.

Ìkẹta, ẹ wo èéfín rẹ̀. Èyí tó ń jẹ àpòpọ̀ epo àti ọ́ìlì kò lè ṣe kó má rú èéfín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń rú bíi ti oko tí wọ́n dáná sun, tí kò sì dín kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ronú jinlẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ fi nǹkan lé e lórí. Kí gílóòbù kan tàn kò tó. Ẹ so gílóòbù bíi mẹ́rin àti fáànù kan mọ́ ọn, kí ẹ wò ó bóyá iná á máa ṣẹ́jú, bóyá ẹ́ńjìnnì á fẹ́ kú. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń jẹ tó wáàtì 1,000. Ẹ̀rọ wáàtì 650 kò lè gbé e, bí olùtajà tilẹ̀ búra.

Ìkarùn-ún, ẹ bi í léèrè bóyá kópà tàbí alumíníọ̀mù ni wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀. Kópà ló ń pẹ́. Àwọn kan máa ń kun alumíníọ̀mù kó lè jọ kópà, torí náà ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣí i wò.

Ìkẹfà, ẹ wo táńkì bóyá ó ń jò, ẹ wo sáláńsà bóyá ó ti lu tàbí ó ti sán. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ orúkọ olùtajà àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí. Òfin ka ríra ẹrù olè sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tí olè máa ń tètè gbé.

ÀTÚNṢE TÓ YẸ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ YẸ

Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú, epo tó pẹ́ nínú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Epo bẹntiróòlù tó bá jókòó fún oṣù mélòó kan máa ń dì bí oje igi, á sì dí ojú ihò tín-ín-rín tó wà nínú kabúrétọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò wọ́n: kí wọ́n da epo àtijọ́ nù síbi tí kò ní ba omi jẹ́, kí wọ́n fọ kabúrétọ̀, kí wọ́n fọ fílítà afẹ́fẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì ha ẹ̀ẹ́dú tó dì sínú sáláńsà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ ríìngì tàbí kọ́ìlì.

Ọ̀rọ̀ àpòpọ̀ ọ́ìlì ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára táńkì tàbí sínú ìwé rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, 50 sí 1 ni, ìyẹn ìwọ̀n ọ́ìlì kan sí ìwọ̀n epo 50. Lítà epo kan á gba ọ́ìlì mìlílítà 20, lítà mẹ́rin á gba 80. Kí ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ra síríńjì ńlá ní ilé ìtajà oògùn, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kí ẹ sì fi pamọ́ fún àwọn ọmọdé. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kù. Bó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, èéfín á sì gba àdúgbò. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ́ìlì tí wọ́n tú jáde nínú mọ́tò.

Ohun mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà fún mẹkáníìkì. Ẹ má jẹ́ kó jó táńkì tí epo ti wà nínú rẹ̀, torí pé òórùn epo tó kù níbẹ̀ lè bú gbàù. Ẹ má jẹ́ kó fi wáyà de ohun tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì kí iná lè pọ̀ sí i, torí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù yín ló máa san gbèsè rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ojú iná ara ògiri láìsí ìyípadà-iná tó já ilé yín kúrò lára wáyà ìta. Iná yẹn lè jáde sórí òpó, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe.

ÀTÚNṢE KÌ Í LÉ MÁJÈLÉ LỌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lè ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò lójúlé nígbà òtútù. Nínú àwọn tó ń jẹ epo, àwọn kan ní irú ẹ́ńjìnnì àpòpọ̀ yìí gan-an, àwọn èèyàn ibẹ̀ náà sì ń ra àlòkù wọn tún ṣe. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe tan án nínú ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkìlọ̀ yẹn kan àwa náà.

Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, gáàsì kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín tí ẹ ń rí, tí ẹ sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe dáadáa lè má rú èéfín tó ṣeé rí, kó sì máa tú gáàsì yìí jáde síbẹ̀. Bí a bá mí i símú, á di mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí atẹ́gùn rere ṣe ń di mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ọpọlọ àti ọkàn kò ní rí atẹ́gùn lò mọ́. Ẹni tó bá ń sùn lè má jí rárá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní Yenagoa, Ìpínlẹ̀ Bayelsa, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ilé tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì ní ó ṣekú pa wọ́n. Ọ̀dọ́ alágbára nìyẹn o. Àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tún máa ń tètè bà ni àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, aboyún, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tàbí tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Àmì rẹ̀ jọ ti ibà: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀, àyà dídùn, kí ọ̀rọ̀ má ṣe déédéé lẹ́nu èèyàn. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń kérora orí fífọ́ nínú ilé kan náà ní alẹ́ kan náà, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ẹ má tíì sáré ra oògùn ibà. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

IBI TÍ Ẹ Ó GBÉ E SÍ

A mọ ìdí tí ẹ fi ń gbé e wọlé: ẹ̀rù olè, ẹ̀rù òjò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ló léwu. Fèrèsé ṣíṣí kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, fáànù náà kò gbà wá. Ó kéré tán, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn nǹkan bíi mítà mẹ́fà, kí ẹnu sáláńsà sì kọjú sí ibi tí kò sí ilé, títí kan ilé aládùúgbò. Bí àgbàlá yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jìnnà dé ibi tí àyè bá gbà dé, kí ẹ sì máa pa á kí ẹnikẹ́ni tó sùn.

Ní ti olè, ẹ lọ bá wẹ́dà kó ṣe àgò onírin tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tí ó ní páànù lórí nítorí òjò. Ẹ fi sìmẹ́ńtì rì í mọ́lẹ̀ níta, kí ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo tì í. Iye tí ẹ ó ná sí àgò náà, ẹ kà á mọ́ owó jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó àgò kò tíì ní owó jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí àwọn ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ibodè. Ẹni tó bá gbé Yewa nígbà yẹn kò ní gbàgbé. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó epo fò sókè, kò yani lẹ́nu pé àwọn kan ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde. Òórùn epo máa ń rìn lórí ilẹ̀ títí á fi bá iná sítóòfù tàbí àbẹ́là. Ẹ má sì bu epo sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ pa á, kí ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 15.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ẹ bá bá ènìyàn tó dákú nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pariwo pe èèyàn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé e síta kíákíá, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà. Ẹni tó fẹ́ gbé e kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ilé náà. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Kò ní lé gáàsì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gbà á lọ́nà ọ̀fun. Atẹ́gùn ọ́síjìn ló nílò, ilé ìwòsàn ló sì wà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ sọ ọ́, torí pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti fi ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé kò sí nǹkan, nígbà tí májèlé yìí ti kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé gílóòbù kan àti fóònù nìkan ló ń wá iná fún, kó yẹ iye lámpù onísólà kékeré wò kó tó lọ ra jẹnẹrétọ̀. Kò ní èéfín, kò sì ní bẹ epo.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ òní nítorí òjò tàbí olè, ẹ má dákẹ́. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí gbogbo ilé sùn sínú òkùnkùn. Ilẹ̀ á mọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.